Owó Wíwò àti Owó Ìdáná

Ilé Ládòkun,
Ìṣẹ́yìn.
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Máàṣì, 1914.

Akínyẹlé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìbàdàn. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ikọ́ tí o sọ pé ó ń dà ọ́ láàmú sì ti fi ọ́ sílẹ̀. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò le, òun ni mo sì tìtorí rẹ̀ kọ̀wé.

O béèrè bí owó wíwò mi ṣe ń lọ sí. Ìwọ ni o kó mi sí i, nítorí náà ó yẹ kí o gbọ́ ibi tí ó já sí. Gbogbo bí o ṣe kọ́ mi ni mo ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó ń gba ọwọ́ mi kọjá: kọ́bọ̀ oníhò, ṣílè olórí Ọbabìnrin tí ó ti wàjà, àti ṣílè tuntun alámì ọ̀pẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ń wo ọdún ara wọn, etí wọn ni mo máa ń dì mú, mi ò sì fi iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó wọn bí àwọn ará ilé wa ṣe máa ń ṣe. Mo wé wọn sínú òwú, mo kó wọn sínú àpótí. Mi ò sọ fún àwọn ará ilé, nítorí bí mo bá ní mò ń kó owó jọ láti máa wò ó, wọn yóò ní ìwé ti yí mi lórí.

Àrínọlá nìkan ni mo sọ fún. O mọ̀ ọ́n, òun ni ilé wa ti ń tọrọ fún mi láti ọdún tó kọjá, tí ìyá rẹ̀ ń ṣòwò gba Ṣakí lọ sí ilẹ̀ àwọn Faransé lẹ́yìn ààlà. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun kò tíì rí ẹni tí ń tọ́jú owó bí ọmọ tuntun. Kò pẹ́ tí òun náà fi ń bá mi wá a. Owó Faransé tí ìyá rẹ̀ bá mú bọ̀ ni ó ń ṣà fún mi, mo sì ń fi fàdákà tiwa dípò rẹ̀ nígbà gbogbo. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi fàdákà náà sínú àpò ìyá rẹ̀, láìsọ fún un. Tí a bá jókòó sí ẹ̀yìn ilé ìwé tí a tẹ́ wọn sórí aṣọ, Akínyẹlé, mi ò ní ohun mìíràn tí mo tún fẹ́ láyé.

Owó ìdáná ló kù. Bàbá mi ní kí n ní sùúrù di ìgbà tí àwọn bá ta òwú. Ní oṣù tó kọjá, ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà rán mi lọ sí Òkaka. Ẹ̀yìn mi ni bàbá ń wá ọ̀bẹ nínú yàrá mi tí wọ́n fi ṣí àpótí. Kí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó ń tọ́jú fàdákà sí, bí kì í bá ṣe fún ìdáná? Inú wọn dùn dé ibi pé omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti ń tiraka, ojú ló ń tì í láti sọ. Wọ́n pe àwọn àgbà ilé, wọ́n gbé agbádá wọ̀, wọ́n sì kó owó náà lọ.

Bí mo ti ti Òkaka dé ni wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní ilé Àrínọlá. Mo bá owó mi lórí ẹní, gbogbo rẹ̀, láàrin àwọn àgbà ilé méjèèjì. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ìyá Àrínọlá ti mú owó Faransé kan tí etí rẹ̀ ya, ó ń yí i lọ́wọ́. Ó ní, "Owó mi rèé. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ oníyọ̀ lọ́hùn-ún." Ó ṣa gbogbo ti Faransé sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wo ọmọ rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Mo ní mo san ohun tó tó o. Àrínọlá náà kúnlẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá Sàlàkọ́, olórí ilé wọn, gbọ́ mi dé òpin, wọ́n sì bi mí jẹ́ẹ́ pé, "Tíṣà, ta ni í fi owó ra owó tí kò ní í ná?" Lójú wọn, ọmọ wọn ti jí owó ìyá rẹ̀ fún mi kí n lè fi fẹ́ ẹ. Wọ́n dá ìyókù padà fún bàbá mi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà ti tán. Bàbá kò bú mi lójú ọ̀nà. Ìgbà tí a délé ni wọ́n ní, "Oyèlékè, kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" Títí di òní wọn kì í gba ọ̀nà ilé Àrínọlá kọjá.

Wọ́n ti fi Àrínọlá fún oníṣòwò ọkà kan ní Kìṣí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹbí ọkọ gbé owó ìdáná wá. Ayédèrú ṣílè ti gbòde báyìí, òjé tí wọ́n fi fàdákà bò, wọ́n sì ti fi rẹ́ àwọn kan jẹ lọ́jà. Bàbá Sàlàkọ́ bá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, "O ní wíwò ni o ń wò ó. Wá bá wa wò ó." Wọn kò fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n gbà pé mo mọ̀ ọ́n ni. Mi ò lè sọ fún àgbà pé mi ò wá.

Wọ́n gbé ọpọ́n síwájú mi. Mò ń sọ wọ́n sórí òkúta níkọ̀ọ̀kan, mò ń fetí sí bí wọ́n ṣe ń dún. Bí mo bá ní méjì péré kò dára, àwọn ará Kìṣí yóò gbé owó wọn, wọn yóò sì bínú lọ. Àrínọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ purọ́, Akínyẹlé. Mo gbìyànjú rẹ̀. Etí mi ti gbọ́ fàdákà, ẹnu mi kò lè pè é ní òjé. Mo ní, "Ó dára, bàbá. Gbogbo rẹ̀ ló dára." Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Àrínọlá kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Ẹni tí ó mú ìwé yìí bọ̀ ni yóò gbé owó tèmi fún ọ. Máa bá mi wò ó. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o mọ irú ọjọ́ yẹn láyé rẹ. Kí ìyàwó rẹ sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ, kí ilé rẹ tutù. Rántí mi nínú àdúrà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé,
Oyèlékè Ládòkun.

Àfikún: Bí mo ti ń dìde, Ìyá Àrínọlá mú sísì kan, ìdajì ṣílè, nínú owó ìdáná náà fún mi, ó ní kí n fi ra obì. Mi ò lè ná an, mi ò sì lè kó o mọ́ èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó wà lójú fèrèsé níbi tí mo gbé e sí lọ́jọ́ náà. Bí o bá mọ ohun tí ènìyàn ń fi irú rẹ̀ ṣe, kọ̀wé sí mi.