Iná Tó Ń Jó Èéfín Ara Rẹ̀

Olóòtú wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín láti Kétu níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Igi ni mo fi ń se mọ́ínmọ́ín tà ní ẹ̀yìnkùlé. Kabirat, ìyàwó tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ní ikọ́ fée. Bí mo bá ti dáná, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Lọ́jọ́ tí wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù, mo paná lójú ẹsẹ̀.

Reuben, àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ wẹ́dà, bá mi ṣe ààrò tuntun. Ó gbé àgbá irin kékeré sínú ńlá, ó fi àlàfo sáàárín wọn, ó sì lu ihò sí wọn lára.

“Aunty, ẹ ṣáná sí i.”

Nígbà tó gbóná tán, iná ń yọ láti ihò òkè. Mo wojú ọ̀run, mi ò rí èéfín kankan.

Reuben ní, “Iná yẹn ló ń jó èéfín ara ẹ̀.”

Kabirat, tó ti dé láti ọsibítù, jáde, ó dúró tì mí, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Aunty, ẹ kọ́ mi níṣẹ́ mọ́ínmọ́ín yìí.”

Ọkọ ẹ̀ ti gbà. Èmi lẹ̀rù ń bà, torí igi tútù ṣì ń rú èéfín díẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n gbà á?

Èmi, aládùúgbò ẹ̀.