Àánú Rẹ Ti Kún Adágún Wa

Jhinuk ọmọ mi, ìyá mi kékeré,

Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun kánú? Ṣé ẹ̀fọn Kolkata ò tíì gbé ọ lọ? Kí Ìyá Lakshmi tó ń pín ọrọ̀ jókòó sí yàrá rẹ, kí ẹsẹ̀ tó gbé ọ jáde nílé má gbàgbé ọ̀nà ilé. Àwa wà dáadáa, bàbá rẹ wà dáadáa àfi orúnkún rẹ̀, màlúù náà wà dáadáa àfi pé ó ń bínú, màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ tó bá yá.

Mo kọ́kọ́ pè ọ́ lórí fóònù. Ọmọbìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Mo ní ó ṣeun, kó sọ fún ọ pé ìyá rẹ ló pè. Mo pè nígbà méjìdínlógún, òun náà ló ń gbé e, kò sì kanra mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, mú un dání wá síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ. Palash àbúrò rẹ ní kò sí ọmọbìnrin kankan níbẹ̀, pé ńṣe lo pa fóònù látìgbà tí òun ti ròyìn ẹja fún ọ, pé ojú ló ń tì ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ṣé o rántí ẹja dúdú ẹlẹ́gùn-ún méjì tó ń lá ìdọ̀tí nínú àpótí gíláàsì rẹ, tí onílé rẹ ní òun ò fẹ́ rí mọ́, tó o rọ sínú ọ̀rá gbé wọ ọkọ̀ ojú irin, tó o sì tú sínú adágún wa ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tó o ń sunkún pé kí wọ́n máa gbé ní àlàáfíà? Ọmọ mi, wọ́n gbé ní àlàáfíà. Wọ́n ti bímọ, àwọn ọmọ ti bímọ, ó ku kí wọ́n máa dìbò. Bí Palash bá ju àwọ̀n, àwọn nìkan ló ń bá a wọlé, ẹ̀gún ẹ̀yìn wọn ti ya àwọ̀n mẹ́ta. Wọ́n gbẹ́ ihò sí bèbè adágún débi pé igi àgbọn bàbá bàbá rẹ ti tẹ̀ kọdọrọ bí ẹni ń kí àgbà. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti kó ẹrù. Àgbàrá ọdún tó kọjá gbé lára ẹja náà lọ sí adágún àwọn Sarkhel aládùúgbò wa, ìyẹn ni wọn ò fi kí mi mọ́.

Ìgbéyàwó Palash sì ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Bàbá rẹ ti búra lójú àwọn àna wa pé ẹja rui, ẹja ńlá tí àṣà ní ká wọ̀ ní aṣọ sárì bí ìyàwó, tí a máa fi òrùka sí nímú, tí a máa gbé lọ sílé ìyàwó pẹ̀lú ata ilẹ̀ pupa, inú adágún òun ló máa ti jáde, kì í ṣe ọjà. A sì ju àwọ̀n títí, a ò rí rui kankan. Nirupama, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ní kí a wọ ọ̀kan nínú àwọn dúdú yẹn ní sárì, ta ló máa mọ̀? A wọ̀ ọ́. Ẹ̀gún rẹ̀ ya sárì, àmọ́ òrùka imú bá a mu. Ó wá jókòó sínú àwo, ó la ẹnu kalẹ̀, bí ìyàwó tó ti ń bá ìyá ọkọ jà kó tó wọlé. Palash ní bí a bá gbé èyí lọ, wọ́n á rò pé fọ́tò òun la fi ránṣẹ́.

Ọ̀gá ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja bá gun alùpùpù dé. Ó ní ẹja yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa rárá, òkè òkun ló ti wá, àwọn tó ń tà á fún àpótí gíláàsì ló gbé e dé, àwọn aláàánú bíi tìrẹ ló ń tú u sómi, ó ń jẹ ẹyin ẹja onílé, kò sì sí ohun tó ń jẹ òun, pé àfi kí a fa adágún gbẹ kí a kó gbogbo wọn dànù. Inú bí mi díẹ̀. Mo ní nígbà tí bàbá ọkọ mi sọdá ẹnubodè wá síbí pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì kan ṣoṣo, wọ́n pe òun náà ní àjèjì, ṣé ẹnikẹ́ni gbé e dànù? Ọ̀gá ní Màmá, bàbá ọkọ yín ò jẹ ẹyin aládùúgbò. Mo rò ó, òótọ́ ni, àfi ti adìyẹ àwọn Sarkhel, ìyẹn náà ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Ó mú fọ́ọ̀mù jáde. Wọ́n bèèrè ẹni tó gbé ẹja náà wá, mo ní kó kọ orúkọ rẹ gàdàgbà, kó fi kún un pé ipò kejì lo ṣe ní ìwé mẹ́wàá, mo sì lẹ fọ́tò ìdánwò rẹ mọ́ ọn. Wọ́n bèèrè ìdí. Mo ní àánú. Ó wò mí títí, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìjọba máa fi lẹ́tà ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí ọ. Palash ní ìdúpẹ́ kọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, wọ́n fa adágún gbẹ. Bàbá rẹ ò fẹnu kan oúnjẹ. Apẹ̀rẹ̀ mọ́kànlélógójì ni ẹja dúdú, kòtò ni wọ́n bò wọ́n sí, ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju ọ̀kan sí odò. Rui, ẹyọ kan ṣoṣo. Ó ti gbó, ìrù rẹ̀ ti ya, ó sùn sínú ẹrẹ̀, ó ń mí. Gbogbo èèyàn hó yèè, Nirupama ti sáré lọ mú sárì. Bàbá rẹ gbé ẹja náà mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́, ó fọwọ́ pa ikùn rẹ̀, ẹyin ló kún ibẹ̀. Ó ní ẹni tó bá wọ sárì fún èyí, ẹni náà gan-an ni òun máa gbé lọ fún àna. Ó gbé e lọ sínú ọpọ́n omi màlúù, ó ní ibẹ̀ ni yóò wà títí òjò á fi kún adágún. Ṣé o ti mọ ohun tó ń bí màlúù nínú báyìí?

Ó jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀, ó wá ní kí n kọ̀wé sí ọ. Ó ní òun ti gbé ìbúra òun mì. Ó ní kí ojú má tì ọ́, pé ọmọ tó lè ṣàánú ẹja tó burẹ́wà tó yẹn, ó máa ṣàánú òun náà lọ́jọ́ ogbó.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó epo ẹ̀rọ àti ti àwọ̀n tuntun ránṣẹ́. Kí o sì ra rui kan ní ọjà Sealdah, kó gùn tó apá rẹ, kó jẹ́ èyí tí sárì máa yẹ. Má fi rán ẹnikẹ́ni, fúnra rẹ ni kí o gbé e wá. Kí ọkọ̀ ojú irin má yẹ̀ ní ọ̀nà rẹ, kí o rí ààyè jókòó, kí ayé máa ṣàánú ìwọ náà bí o ṣe ń ṣàánú ohun gbogbo.

Àmọ́ ọmọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ẹja yẹn, jẹ́ kó ti kú kó tó wọ ọkọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń retí rẹ.