Ọkàn Mi Ò Gbé Iṣẹ́ Kòkó Mọ́

Ọdúntán àbúrò mi,

Mi ò tíì gbàgbé pé ojú fèrèsé lo ti ń kí mi nígbà tí kòrónà dá mi dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó tí mo kó pọ̀ kí ó lè kan kò mọ̀ pé à ń bínú. Bí mo ṣe ń yí i lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ yìí, àyà mi ń lù kìkì, mo sì jókòó sílẹ̀, mo rántí ọ̀rọ̀ dókítà.

Nígbà tí mo kúrò ní ilé ìwòsàn ni ó ti kìlọ̀ fún mi: "Bàbá, kòrónà ti ba ọkàn yín jẹ́. Ẹ lo oògùn yín kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú iṣan." Mo pè é lọ́mọdé, mo pa oògùn tì.

Nígbà tí lẹ́tà yìí bá fi dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo ti lọ bá dókítà náà ní Òṣogbo. Bá mi yí kòkó náà lọ́la, kí ó má baà bàjẹ́. Bí wọ́n bá dá mi dúró sí ilé ìwòsàn, máa bọ̀ wá wò mí. Ta ni mo tún ní tí mo lè máa bínú sí?