Ìyá Mi, Ẹ Ní Kí Ọmọ Yín Na Apá

Ẹ kú ilé o, Ìyá wa ní Idigny. Láti orí iyanrìn Kútọnù níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Ṣé orúnkún ti ń gbà yín láyè láti dé ìdí ìkòkò ògì? Mo kí Bàbá Kékeré, àbúrò ọkọ mi, tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra kà á. Ẹ má fo ibì kankan, kódà ibi tí mo ti bá ara mi wí.

Kí n tó sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé, ẹ jẹ́ kí n ka ayọ̀ wa fún yín. Lúsì, àkọ́bí wa tí à ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ti bí obìnrin. Iwájú orí yín ni ọmọ náà gbé wá, gbogbo ilé sì ti ń pè é ní Ìyá Idigny kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Jozẹ́fù, àbúrò Lúsì, ti gbéyàwó. Ọmọ Kpankou ni ìyàwó náà, ó mọ iyán gún, ó sì mọ bí a ṣe ń kí àgbà. Èmi tí ẹ mọ̀ sí ẹni tó máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ tọkọtìyàwó sí ara ẹ̀bùn wọn. Ọmọ-ọmọ mi di méje, mo sì mọ orúkọ méjèèje kọ. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, nítorí ibi tí mo ń lọ nínú ìwé yìí kò ní àyè ìyangàn.

Òjò Kútọnù kò dà bí tiwa. Bí ó bá rọ̀ nílé, ilẹ̀ pupa á mu ún, oko á sì rẹ́rìn-ín. Níbí, omi kì í mọ ibi tí yóò gbà. Ó máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà bí àlejò tí a kò fún ní àga, tó bá sì yá, á wọ yàrá fúnra rẹ̀. Mò ń ta ògì tútù níwájú ilé Lúsì, bí ẹ ṣe kọ́ mi ni mo ṣì ń sẹ́ ẹ. Èdè Fọ̀n ni àwọn oníbàárà mi ń sọ, wọ́n sì ń pè mí ní Ìyá Nàgó nítorí Yorùbá tiwa. A ń ṣeré, a ń ná ọjà, ṣùgbọ́n bí mo bá pa òwe, ilẹ̀ ni òwe náà ń já bọ́ sí, kò sí ẹni tó máa bá mi ṣà á. Ibẹ̀ ni àárò ilé ti máa ń sọ mí jù.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ní Satidé tó kọjá, ẹ pe ọmọ yín lórí tẹlifóònù. Ẹ bi í pé ṣé òótọ́ ni dókítà fẹ́ fa odindi àpò ẹ̀jẹ̀ kan lára rẹ̀ kí wọ́n sì dà á nù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fi ọdún méjì wá padà fún un, ta ni baba ẹni tó ní kí wọ́n dà á nù? Ẹ ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n fẹ́ lọ tà á. Ẹ tún ní kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ èmi ìyàwó pé kí ni ojú mi ń wò. Kí n tó gba tẹlifóònù lọ́wọ́ rẹ̀, owó inú rẹ̀ ti tán. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ká apá mọ́ àyà. Ó ní àfi bí ìyá òun bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí òun na apá, òun kò ní nà án fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà ń retí wa. Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé nìyẹn, tí mo sì fi rán awakọ̀.

Olùkọ́ wa ní kíláàsì àgbà, níbi tí mo ti ń kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ní kí n jẹ́ kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn kékeré tí à ń ṣe, nítorí irú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó kó wa sí èyí lè wà nílé ẹlòmíràn. Mo bi ọkọ mi. Ó ronú títí, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, pé òun kò jalè.

Ẹ rántí bí a ṣe gbé e kúrò ní Idigny. Ìwú kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ rẹ̀, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ yọ ọ́. Ibẹ̀ náà ni ohun tó máa ń pàṣẹ fún ara ọkùnrin wà, kí ara lè ṣe èyí tí àwọn dókítà ń pè ní tẹstostẹróònù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àṣẹ náà dákẹ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò hù dáadáa mọ́, apá rẹ̀ rọ, ó di ẹni tó ń jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láì bínú, láì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ pé ọmọ yín wà nílé ṣùgbọ́n ẹ kò rí i. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gún un lábẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, láti fi rọ́pò ohun tí ara rẹ̀ kò ṣe mọ́. Abẹ́rẹ́ náà sì jẹ́. Ní oṣù kẹta, ó béèrè ọkọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi láàárín Kútọnù, bí ẹni pé oko wà lẹ́yìn ilé. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún.

Nígbà náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré. Ìwé àkọ́kọ́ sọ pé ọgbọ̀n ni, dókítà ní kò tó. Bí ẹ ṣe gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó, ẹ kò jókòó mọ́. Kò yà mí lẹ́nu. Àlíìsì, ọmọ yín obìnrin, lórí ìkúnlẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn tán lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó wọ agbo ilé yín tí ẹ kì í ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò bóyá ó funfun. Ẹ di pòròpòrò ọkà bàbà pupa, ẹ ń fi rán awakọ̀ sí wa lóṣooṣù. Mo ń sè é, omi rẹ̀ ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ gan-an, ọmọ yín sì ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo tún ra oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kún un.

Ìwé ẹ̀jẹ̀ kejì dé lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Lúsì fẹ́ kà á, mo já a gbà. Mo ní nínú àwa méjèèjì, ta ló ṣì ń lọ sí kíláàsì? Mo fi ìka tọ ìlà, mo rí ibi tí wọ́n kọ ti ẹ̀jẹ̀ pupa sí, mo rí márùn-ún àti méje tí wọ́n dúró ti ara wọn. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta! Láti ọgbọ̀n! Mo jó yí àga po, mo pè yín, ẹ sì súre fún mi títí etí mi fi gbóná. Ọkọ mi ní bó bá ti rí báyìí, kí la tún ń wá lọ́dọ̀ dókítà? Mo ní òótọ́ ni, kí a fi owó ọkọ̀ yẹn ra ẹja. Oṣù méjì gbáko la kò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àdúgbò ń gún abẹ́rẹ́ lọ, èmi náà sì ń se pòròpòrò lọ.

Ìyá mi, mo ka nọ́ńbà, n kò ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lápá ọ̀tún ni wọ́n ti kọ ibi tó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó yẹ kí ó mọ, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké: láti ogójì dé àádọ́ta. Mo rò pé nọ́ńbà ojú ìwé ni. Abéèrè kì í ṣìnà. Èmi kò béèrè.

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọkọ mi. Ojú rẹ̀ pọ́n, àwọn èèyàn sì ń yìn mí pé mo mọ ọkọ tọ́jú. Nígbà tó di pé òòyì ń kọ́ ọ bó bá ti dìde, Lúsì kò gbọ́ ẹnu wa mọ́, ó kó wa lọ sí lópitálì. Obìnrin ni dókítà náà, ọmọ Pobè, Nàgó ló sì fi bá wa sọ̀rọ̀. Ó wo ìwé tí mo jó sí. Òun kò jó. Ó béèrè pé ta ló kà á fún wa. Ọkọ mi, kò tilẹ̀ bò mí láṣìírí, ó ní ìyàwó òun ni, pé ó wà ní kíláàsì. Ìbá ṣe pé ilẹ̀ lanu, ǹ bá kó wọ ibẹ̀.

Dókítà kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo ní ògì ni. Ó ní nígbà náà mo mọ ẹ̀jẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Bí a bá sẹ́ ògì tán, tí a gbé e kalẹ̀, ògì á silẹ̀, omi á lé sókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́: wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i títí èyí tó pupa á fi silẹ̀. Bí a bá pín ìgò náà sí ọgọ́rùn-ún, pupa ọmọ yín nìkan gba mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Omi tó kù kò tó láti gbé e rìn. Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ mi pé ògì tó bá ki jù kì í gba ojú asẹ́ kọjá. Ó ní iṣan tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú orí àti nínú àyà, bí ẹ̀jẹ̀ bá dì síbẹ̀, ẹni tó dìde láàárọ̀ lè má lè gbé apá mọ́ lọ́sàn-án. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ó béèrè bóyá ọmọ yín mu omi lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà. Kò mu ún. Wọ́n ní kí ó má jẹun, àwa sì ka omi mọ́ oúnjẹ. Dókítà ní òùngbẹ máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ki, kí ó lọ mu omi dáadáa, kí wọ́n tún un gbà lọ́jọ́ kejì. Ó bọ́ sí mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹyọ kan péré ni òùngbẹ fi kún un.

Ìlà tẹstostẹróònù fúnra rẹ̀ náà ga. Kí dókítà tó sọ ohunkóhun sí ìyẹn, ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. A kò kọ ọ́ síbì kankan. Ó ní ẹni tó bá yọjú wo abà àgbàdo lọ́sẹ̀ ìkórè, á ní ebi ti tán láyé. Bí ó bá wò ó nígbà tí a fẹ́ gbìn, á ní ìyàn dé. Abà kan náà ni. Oògùn náà máa ń kún ara lẹ́yìn abẹ́rẹ́, á sì máa fà títí di abẹ́rẹ́ mìíràn, nítorí náà nọ́ńbà tí kò ní ọjọ́ kò ní ìtumọ̀. Mo ti ra ìwé kékeré kan tí mò ń kọ ọjọ́ méjèèjì sí. Ìlà mìíràn tún wà fún ẹ̀yà kan lábẹ́ àpòòtọ̀ tí wọ́n máa ń ṣọ́ lára ọkùnrin tó ń gba abẹ́rẹ́ yìí. Ìyẹn dúró jẹ́ẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Dókítà ti dá abẹ́rẹ́ dúró ná. Bí ẹ̀jẹ̀ bá balẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ dúró de ìgbà náà pẹ̀lú orí fífọ́ yìí, ló ṣe ní kí wọ́n fa àpò kan. Ara á tún un ṣe bí kànga ṣe ń sun. Ìyá mi, kì í ṣe pòròpòrò yín ló fà á, mo bi í, mo tún bi í. Abẹ́rẹ́ ló ń sọ fún ara pé kí ó máa ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa kún ẹ̀jẹ̀ pupa. Àmọ́ àgbo àti oògùn inú ìgò dà bí igi tí a tún ń kó sídìí iná tó ti ń jó. Ẹ má fi rán wa mọ́, ẹ jọ̀wọ́. Èyí tó wà nílẹ̀, mo ti so ó mọ́ àjà.

Mo mọ ohun tí mò ń béèrè. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni mò ń bẹ̀ pé kí ó ní kí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ mìíràn nù. Ṣùgbọ́n àìtó ló mú Àlíìsì lọ, àpọ̀jù ló ń lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òjò tí ẹ ń tọrọ lóko náà ni èyí tó wọ yàrá wa níbí. Tilé ń gbé irúgbìn dìde, tibí ń gbé ẹní wa lọ.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ bọ́ sọ́kọ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú, ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un fúnra yín. Ẹ ó sì rí ọmọ tuntun tó jọ yín.

Ọlọ́run á fún orúnkún yín lágbára. Iná kò ní kú nídìí ìkòkò yín. Àwa la ó gbẹ̀yìn yín, àwa kọ́ ni yóò ṣáájú yín. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, ẹ kí àwọn tó ń bọ̀ láti oko Odomèta, ẹ kí ẹni tó bá béèrè mi, ẹ tún kí ẹni tí kò béèrè.

Èmi ni ìyàwó yín, ọmọ yín,
Ìyá Lúsì, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà frank wà nínú ìwé yìí. Owó ọkọ̀ yín ni, láti Idigny dé Kútọnù. Owó àbọ̀ kò sí nínú rẹ̀: ọmọ yín ní òun fúnra òun ni yóò sìn yín padà sílé.