Ìwé Tí Kò Sí Níbì Kankan

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti England. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́mi àti gbogbo ará ilé wa ní Aládé. Ṣé kòkó tí ẹ sá ti ń gbẹ? Níbí, òjò wẹ́wẹ́ ni lójoojúmọ́, mi ò rántí ìgbà tí oòrùn yọ kẹ́yìn.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ọmọ ẹlòmíràn lè fi mí kọ́gbọ́n. Màmá, irọ́ ni mo pa fún yín pé mo yege níléèwé. Mi ò yege. Lọ́jọ́ tí ẹ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ pè mí kí n lè gbọ́ orin àwọn ẹgbẹ́ yín, mo gbé fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì jáde kúrò nínú yàrá.

Wọ́n ní ká kọ iṣẹ́ lórí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú. Inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Mo kọ ohun tí Bàbá máa ń sọ, pé bí oko bá ṣú jù, tí atẹ́gùn ò ráyè wọlé, àrùn náà á gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ní gbogbo ohun tí a bá sọ, ká fi ìwé àwọn onímọ̀ tì í lẹ́yìn. Mi ò lè kọ ọ́ pé bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó dé, gbogbo ara ni í máa ro mí. Mo wá ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó dára, wọ́n ní kí n sanwó kí n tó kà á. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn tó ń ta oògùn kòkó ló kọ ọ́. Ni mo bá bi AI léèrè, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù mi. Kíá, ó dárúkọ ìwé mẹ́ta fún mi, tòun ti orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún. Mo kọ wọ́n sílẹ̀, mi ò ṣí ọ̀kan wò.

Olùkọ́ wá wọn tì. Ó pè mí, ó ní kí n ṣí ẹyọ kan han òun. Mo tẹ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí kọ̀ǹpútà. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé, AI ló hùmọ̀ wọn. Ó bi mí bóyá mo tiẹ̀ kà á. Mo ní rárá. Ó ní màgòmágó ni mo ṣe yẹn, ó fún mi ní òdo. Kò pariwo mọ́ mi o, Màmá. Ìbá tiẹ̀ pariwo.

Obìnrin kan ní ilé ìkàwé ló wá kọ́ mi pé kí n máa wo ẹni tó kọ ìwé, kí n wò ó bóyá àwọn onímọ̀ mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n sì kà á fúnra mi. Ó ní èyí tí wọ́n ní kí n sanwó fún yẹn, ilé ìkàwé ti san án fún gbogbo wa. Ojú ló tì mí tí mi ò fi béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbà kí n tún un kọ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ti fi ránṣẹ́, wọn ò tíì dáhùn. Bí mo bá tún kùnà, wọ́n á lé mi, físà mi á sì parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún níbí.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti ka èyí tán, ẹ pè mí. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ bú mi ni, ẹ pè mí bú mi. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn yín.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú ń tì,
Fúnkẹ́