Òjé Ọdún Tuntun Bàbá Rẹ

Tuulikki ọmọ mi,

O kú òtútù o. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Helsinki? Ọlọ́run tí kì í jẹ́ kí adágún gbẹ lábẹ́ yìnyín kò ní jẹ́ kí ayọ̀ rẹ gbẹ. Màálù wa ti bí, akọ ni. Bọ́ọ̀sì ò wọ Kuusiperä abúlé wa mọ́ àfi ní Ọjọ́bọ̀.

Lẹ́tà ni mo ń kọ torí pé fóònù tí o rà fún mi ti kú. Ẹ̀bi àwọn aràn rẹ ni. Nígbà tí o fi wọ́n ránṣẹ́ sínú rẹ̀, tí mo rí wọn tí wọ́n ń rìn lábẹ́ gíláàsì, mo ní kí wọ́n má baà bọ́ sínú ìyẹ̀fun mi, mo bá ri fóònù náà mọ́ inú yìnyín títí di ọjọ́ kejì. Aràn kú lóòótọ́, fóònù sì bá wọn lọ.

Mo ti sọ fún ìyàwó pásítọ̀ pé nọ́ọ̀sì aràn ni ọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ohun tí aràn ṣẹ̀ yín ní ilé ìwádìí yín tí ẹ fi ń fún wọn ní òjé mu. Ọ̀rọ̀ rẹ ò kúrò lọ́kàn mi, pé òjé kì í pa wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iṣan ìmọ̀lára wọn ló kọ́kọ́ ń bà jẹ́, wọn ò ní lè rìn dáadáa mọ́, àti pé bí ẹ bá fi irun ìpéǹpéjú kan aràn tí ara rẹ̀ le, á sá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èyí tí òjé ti mú lè má mọ̀ rárá.

O mọ bàbá rẹ àti òjé ọdún tuntun. Látìgbà tí ìjọba ti ní kí ṣọ́ọ̀bù má tà á mọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo abúlé ń bọ̀, kí wọ́n lè rí èyí tí wọ́n á yọ́ dà sómi tútù lálẹ́ ọdún, kí wọ́n wo ohun tí ọdún ń gbé bọ̀. Òjé ara àwọ̀n ẹja àtijọ́ ló ń yọ́ nínú sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru wa, á tilẹ̀kùn pa kí ooru má jáde, èéfín á bò ó mọ́lẹ̀. Ní báyìí, kọfí ń dà sí i láyà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rọ wọ̀ọ̀. Mo sọ̀rọ̀, ó bi mí bóyá aràn ni òun, ó ní bàbá òun yọ́ ọ títí ó fi pé ọgọ́rin ọdún. Ó gbàgbé pé èmi ni mo ń fi ṣíbí bọ́ bàbá náà nígbẹ̀yìn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sáúnà pamọ́, ó fi àáké ṣílẹ̀kùn.

Ní Sátidé, ó ń tòògbé lórí àga. Mo fa irun ìpéǹpéjú mi kan tu, mo fi oyin lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi ìṣáná, mo fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mira. Mo mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ó lajú, ó bi mí pé kí ni mo ń wá nílẹ̀, abẹ́rẹ́ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi.

Owó fóònù tuntun tí mo fẹ́ béèrè, fi wọkọ̀ wálé kí ọdún tó parí. Bí ẹ bá gbé aràn kúrò nínú òjé, ṣé ó tún máa ń mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án? Bàbá rẹ ló ń tú lẹ́tà wò. Bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kọ ọ́ gàdàgbà kó lè rí i kà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, má kọ nǹkan kan, ṣáà máa bọ̀.

Ọ̀nà á là fún ọ, ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n láéláé.

Ìyá rẹ,
Hilja