Egungun Tí Wọ́n Gé Lẹ́yìn Sàdíátù

                                        Amoutivé,
                                        Lomé, Tógò.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 1938.

Babátúndé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Yétúndé ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ilé ní Kútọnu. Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbọ́ràn? Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

O rántí bí èjìká Sàdíátù ọmọ mi ṣe yọ sẹ́yìn nílé ọkọ. Bó bá gbé apá sókè, á máa dún kẹ̀kẹ̀ lábẹ́ awọ. Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì ọkọ rẹ̀ ní abuké ni a gbé wọlé fún àwọn, pé irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ kò ní í pọn ọmọ àwọn. Ọ̀ṣẹ́nì kó ẹrù Sàdíátù síta. Èmi akọ̀wé, èmi ọ̀mọ̀wé, mo gba ìyá náà gbọ́. Nígbà tí ọmọ mi sunkún wá bá mi, mo ní kó padà lọ bẹ ọkọ rẹ̀. Cécile ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló gbà á sílé, òun ló sì mú un lọ rí dókítà.

Wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀. Kì í ṣe iké, kì í sì í ṣe àrùn tó ń pani. Egungun mìíràn ló hù lábẹ́ egungun èjìká bí èéhù igi, tó ń ha eegun ìhà. Wọ́n fún un ní oògùn oorun, wọ́n là á, wọ́n ya iṣan sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì gé èéhù náà láti ìdí kó má baà tún hù. Mo rí i nínú ìgò: ó dà bí olú, ìdí rẹ̀ le, orí rẹ̀ rọ̀ bí etí. Ohun tí kò tó àtàǹpàkò ni wọ́n torí rẹ̀ lé ọmọ mi! Mo mú Sàdíátù àti ìgò náà wálé kí egbò rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ọbẹ̀ ẹran tí mo ń sè fún un ti tó ẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó ti ń fi apá náà gún iyán, Ọ̀ṣẹ́nì àti ìyá rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá. Babátúndé, inú mi dùn bí ẹni lá oyin! Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún wọn láàárín àgbàlá, nínú oòrùn, lójú gbogbo àdúgbò. N kò fún wọn lómi. Èmi jókòó sórí àga lábẹ́ ìbòòji.

Ìyá náà ní, “Àna wa, ẹ ṣàánú, oòrùn ń pa mí.”

Mo ní, “Ẹ fara dà á, Màmá. Ẹ̀yìn tiyín ṣáà gún.”

Àwọn aládùúgbò bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé ìgò náà ka iwájú rẹ̀. “Abuké tí ẹ ń wí nìyí. Ẹ kí i.”

Sàdíátù jáde sí wa. Ó sọ fún Ọ̀ṣẹ́nì pé òun kò ní í padà mọ́. Bí mo ṣe fẹ́ máa pàtẹ́wọ́, ó kọjú sí mi.

“Bàbá, ẹ dìde lórí àga yẹn. Ẹlẹ́bẹ̀ lẹ̀yin náà. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n.”

Ìyá Ọ̀ṣẹ́nì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ẹ máa bọ̀, àna. Ẹní gbà wá.”

Mo jókòó. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ mi ti kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ Cécile.

N kò tíì dárí ji Ọ̀ṣẹ́nì, n kò sì mọ ọjọ́ tí n ó dárí jì í. Ṣùgbọ́n Sàdíátù máa ń fetí sí ọ. Jọ̀wọ́, wá bá mi bẹ̀ ẹ́. Má sọ pé mo ti darúgbó, má sọ pé ojú ń tì mí. Sọ pé mo jẹ̀bi.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí ẹsẹ̀ rẹ,
                                        Kàmọ́rù.